Ojú-ewé Ìdílé: Ọ̀rọ̀ Wo Ni Ẹni Tó Ń Wá Wa Yóò Tẹ̀?

Lórí ojú-ewé yìí a máa ń sọ̀rọ̀ nípa owó ilé, nítorí ibi tí owó ilé bá ti ń jò ni ìjà ilé ti ń bẹ̀rẹ̀. Ihò tuntun kan wà báyìí tí owó ń gbà jò, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì tíì mọ̀ ọ́n. Ọmọ á ti Cotonou dé, á sọ fún ìyá rẹ̀ tí ń ránṣọ ní Kétu pé: «Màmá, ẹ mú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá fáráǹkì wá, n ó fi yín sórí Google, àwọn ènìyàn yóò sì máa wá yín.» Ìyá á yọ owó náà láti inú èésú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan owó á ti tán, ẹnikẹ́ni kò sì kan ilẹ̀kùn. Ìyá á ní ọmọ ló ná an. Ọmọ á ní Google ló jẹ ẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí olè láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ra ìpolówó náà ni kò bá ọjà wọn mu.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ọjà náà ṣe rí. Nígbà tí ènìyàn bá tẹ ọ̀rọ̀ sínú Google láti fi wá nǹkan, irú ìdáhùn méjì ló lè jáde: èyí tí Google fúnra rẹ̀ ṣà jọ, àti èyí tí ẹnì kan sanwó fún, tí wọ́n kọ «Sponsorisé» sí lórí. Ẹni tó sanwó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá tẹ ọ̀rọ̀ báyìí báyìí, kí wọ́n fi ìkéde òun hàn án. Ọ̀rọ̀ yẹn ni àwọn Faransé ń pè ní mot clé. Àwa yóò máa pè é ní ọ̀rọ̀ ìwárí. Kì í ṣe fífi ìkéde hàn ni a ń sanwó fún o. Ìgbà tí ẹni náà bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ ni owó ń kúrò lọ́wọ́ wa, ìbáà ra nǹkan, ìbáà má rà. Ọgbọ́n yìí kò ti ọwọ́ Google bẹ̀rẹ̀: ará Amẹ́ríkà kan, Bill Gross, ló gbé e jáde ní 1998 pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ GoTo.com. Google dá ìpolówó tirẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2000, ó pè é ní AdWords. Ní 2002 ó mú ọ̀nà sísanwó fún títẹ̀ pọ̀ mọ́ gbàǹjo. Ní 2018 ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Google Ads.

A sọ pé gbàǹjo, bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá tẹ ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ti sanwó lé lórí, ẹ̀rọ ń ṣe gbàǹjo kékeré kan kí ojú tó ṣẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù nìkan ló ń borí níbẹ̀. Google tún ń wò ó bóyá ìkéde náà dáhùn ohun tí ẹni yẹn ń wá. Nítorí náà aránṣọ kékeré tí ìkéde rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ mu rẹ́gí lè san owó tó kéré sí ti ọlọ́rọ̀ Cotonou tí ìkéde tirẹ̀ ń sọ̀rọ̀ gbogbo ayé. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé ọ̀rọ̀ ló ń gbé owó, tàbí tí ó ń jẹ ẹ́.

Ẹ má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ ti Facebook. Ní Facebook, ìkéde ló ń wá ènìyàn kiri, ó lè bá ẹni tó jókòó tí kò ronú aṣọ rárá. Ní Google, ẹni náà ti mọ ohun tó ń wá, ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ pè é. Iṣẹ́ tiwa kò ju kí a mọ orúkọ tó fi pè é.

Orúkọ yẹn kì í sábà jẹ́ èyí tí àwa fi ń pe ara wa. A máa ń fẹ́ràn orúkọ ńláńlá lára pátákó, a sì máa ń fẹ́ kí ọmọ wa ra orúkọ náà ní ọ̀rọ̀ ìwárí. Ta ni yóò tẹ̀ ẹ́? Ẹni tó ti mọ̀ wá tẹ́lẹ̀ ni, ẹni yẹn yóò sì rí wa láìsí owó. Àlejò kò mọ orúkọ wa. Ohun tó bà jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló mọ̀. Ẹ wo ẹni tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà Pobè. Vulcanisateur ni gbogbo wa ń pè é ní ilẹ̀ Bénin. Ìwé tí wọ́n kọ ní Paris yóò ní kí ó ra «réparation de pneus», èyí tí awakọ̀ tí táyà rẹ̀ jò lóru kì í rántí láti kọ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó ń tún fìríìjì ṣe, frigoriste ni àwọn ènìyàn ń kọ. Ẹni tó kọ́ ilé tó fẹ́ fi háyà: olùkọ́ tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí Kétu yóò tẹ «chambre salon», tàbí, bí owó rẹ̀ bá kéré, «entrée-coucher». «T2» tí àwọn ọmọ ń kó jáde látinú fídíò jẹ́ ọ̀rọ̀ ará Faransé. Onílé tó bá sanwó lé e lórí níhìn-ín ń dúró de ẹni tí kò ní í wá. Faransé tí a ń sọ níhìn-ín ti di tiwa, ẹ má ṣe tijú láti fi ṣòwò.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ ọ̀rọ̀ náà ni kí ẹ bi àwọn oníbàárà yín léèrè. Bí mẹ́wàá bá wọlé lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bi mẹ́wàá pé: «Bí ẹ kò bá mọ̀ mí, kí ni ẹ̀ bá tẹ̀ sínú fóònù?» Ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ti sọ ọ́, ẹ má ṣe tún un ṣe. Lẹ́yìn náà kí ọmọ tẹ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà sínú Google kí ó sì dúró. Google fúnra rẹ̀ yóò na àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn máa ń fi parí rẹ̀ síwájú rẹ̀. Inú Google Ads tún ní irinṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Outil de planification des mots clés, tí ń sọ bí ọ̀rọ̀ kan ti gbajúmọ̀ tó àti iye tí títẹ̀ kan lè ná ni. Gbogbo èyí kò gba owó ìpolówó kankan.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wá sórí orúkọ ìlú wa, nítorí ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń ṣòfò jù. Ọmọ Kétu kì í fẹ́ kọ ìkéde láìfi Kétu sí i. Ìlú Alákétu ni, ta ni yóò tijú orúkọ rẹ̀? Ṣùgbọ́n ta ló ni Ketu nínú Google? Bí ẹ bá kọ ọ́ bí a ti ń kọ ọ́ ní Yorùbá, K-e-t-u, ẹ ti wọ àárín èrò. Ketu kan wà ní Èkó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe, nítòsí ọjà Mile 12. Èrò ibẹ̀ pọ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń fi fóònù wá aránṣọ, ilé àti ọkọ̀. Ní ilẹ̀ Gáná, ní ẹkùn Volta, àgbègbè méjì ló ń jẹ́ Ketu South àti Ketu North, Aflao tó wà lẹ́nu ibodè Tógò sì wà nínú Ketu South. Ẹ má bínú sí wọn. Ìtàn àwọn Ewé sọ pé láti Kétu tiwa ni àwọn baba ńlá wọn ti ṣí lọ. Ní Bùràsíìlì, ẹ̀ka ńlá kan nínú ẹ̀sìn Candomblé ń jẹ́ Ketu, nítorí àwọn ará wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia. Ẹgbẹ́ olórin kan tún wà ní ìlú Salvador tí ń jẹ́ Ara Ketu, 1980 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Orúkọ ìlú wa ti rin ìrìn tí àwa fúnra wa kò rìn. Ó dùn mọ́ni láti gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ránṣọ kò ní láti sanwó fún ẹni tó ń wá orin Bahia.

Ohun méjì ló ń dáàbò bò wá níbẹ̀. Èkíní ni lẹ́tà. Kétou, pẹ̀lú o àti u, bí ìwé mẹ́rì ti ń kọ ọ́, jẹ́ ti Bénin. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó fẹ́ràn èdè wa kò fẹ́ o-u yẹn, ó ń rán yín létí ìgbà àwọn Faransé. Níbi tí a dé yìí, ó ti di ọgbà fún wa: ẹni tó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ti lọ sí ilé-ìwé lọ́dọ̀ wa, tàbí ó ń wo àwòrán ilẹ̀ Bénin. Bí ó bá gbàgbé àmì orí e, kò ṣe nǹkan, Google mọ̀ pé ọ̀kan náà ni.

Ìkejì farasin díẹ̀, òun ló sì ń jẹ owó jù. Google yóò bi yín pé ibo ni kí òun ti máa fi ìkéde yín hàn. Ẹ ó mú Kétou, ẹ ó sì rò pé ó parí. Kò parí. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ àyè kékeré kan wà fún àwọn àṣàyàn ibi, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣí. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, ìkéde yóò jáde fún ẹni tó wà ní Kétu, yóò sì tún jáde fún ẹni tó wà lókèèrè tí Google rò pé ọ̀ràn Kétu jẹ lógún. Ẹ ṣí i, kí ẹ mú èyí tó jẹ́ présence, ìyẹn ẹni tó wà níbẹ̀ tàbí tó máa ń wá síbẹ̀ déédéé. Bí ẹ bá fi owó rán ọmọ níṣẹ́ ìpolówó, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó bi í nìyẹn.

Ó wá ku ọ̀ràn kan tí àwọn ìwé ìlú ńlá kò lè kọ́ wa, nítorí wọn kò mọ bí ìlú wa ti mọ. Wọ́n á ní kí ọ̀rọ̀ ìwárí gùn, kí ó ṣe pàtó: «couturière robe de mariée pas chère Kétou». Ní Paris, òdodo ni. Èrò pọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kúkúrú sì wọ́n bí ojú. Lọ́dọ̀ wa, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má tẹ ọ̀rọ̀ gígùn bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan. Google yóò kọ «Faible volume de recherche» sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìkéde náà kò sì ní jáde rárá. Owó kò lọ, ṣùgbọ́n oníbàárà kò wá, ọmọ á sì máa sọ pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ tún rò ó wò: ẹni tó dúró ní Kétu, tí ń wá aránṣọ ní Kétu, ṣé ó nílò láti kọ Kétu? Ó mọ ibi tí òun wà. Ó kàn máa tẹ «couturière» ni.

Ohun tí a rí pé ó dára fún ìlú tó mọ bí tiwa ni kí ọ̀rọ̀ kúrú, kí odi rẹ̀ sì há. Google gbà kí ẹ fa òrùka yí ibi kan ká lórí àwòrán ilẹ̀: kìlómítà mẹ́wàá yí Kétu ká, tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nínú òrùka yẹn ẹ lè ra «couturière» lásán, nítorí gbogbo ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ lè fi zémidjan dé ọ̀dọ̀ yín kí ọjọ́ tó rọ̀. Ẹ̀rọ kì í fi gbogbo ìgbà mọ ibi tí fóònù wà dáadáa, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí òrùka náà kéré jù. Kí ẹ sì ṣọ́ ìhà ìlà-oòrùn: bí òrùka bá ti gbòòrò, yóò ré ibodè kọjá sí Nàìjíríà. Ẹni tó ń ta gàrí lè fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ará ọ̀hún ń tẹ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Àwọn tó wà lókèèrè tí wọ́n ń bọ̀ nílé ni kí ẹ fi orúkọ ìlú dè. Ọmọ Kétu tó wà ní Porto-Novo tàbí ní Paris, tí ó ń palẹ̀ ìsìnkú bàbá rẹ̀ mọ́, yóò tẹ «auberge Kétou» tàbí «traiteur Kétou». Àlejò tó fẹ́ rí ẹnubodè àtijọ́ yóò tẹ «Akaba Idéna», ẹni tó bá sì ní ilé àlejò ní láti ronú kan ọ̀rọ̀ yẹn. Ìkéde méjì ni èyí, pẹ̀lú àpò méjì: ti ìtòsí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kúkúrú, ti òkèèrè pẹ̀lú orúkọ ìlú. Bí ẹ bá kó wọn pọ̀ sínú àpò kan, ti òkèèrè lè jẹ ti ìtòsí run kí ilẹ̀ tó ṣú. Ti Pobè tilẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Láti ọdún 1922 ni ilé ìwádìí ọ̀pẹ ti wà níbẹ̀, orúkọ ìlú náà sì ti wọ orúkọ ọjà. Àgbẹ̀ tó wà ní ọ̀nà jíjìn tó ń wá irúgbìn ọ̀pẹ dáadáa lè kọ Pobè mọ́ «palmier à huile» láìtíì dé Pobè rí. Ẹni tó bá ń tọ́jú irúgbìn ọ̀pẹ nítòsí ibẹ̀, orúkọ ìlú ni ọ̀rọ̀ ìwárí rẹ̀ tó dára jù, bí ó bá jẹ́ irúgbìn òtítọ́ ló ń tà.

Ẹ kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ kúkúrú sílẹ̀ lásán ṣá. Bí ẹ bá kọ couturière láìsí àmì kankan, Google yóò na ọwọ́ rẹ̀ jìnnà, yóò fi yín han ẹni tó ń wá ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí ilé ẹ̀kọ́ aránṣọ. Bí ẹ bá fi àmì àyọlò yí i ká, "couturière", ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ohun tí ẹni náà tẹ̀ ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn nínú. Bí ẹ bá fi àkámọ́ onígun yí i ká, [couturière], ìtumọ̀ yẹn gan-an ni, láìsí àfikún. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré kí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú àmì àyọlò.

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ kò fẹ́, tí Google pè ní mots clés à exclure. Fún aránṣọ, èyí tó burú jù nínú wọn ni «modèle». Bí Kérésìmesì tàbí Àjíǹde bá ti ń súnmọ́lé, gbogbo ọ̀dọ́bìnrin ló ń tẹ «modèle pagne» láti wo àwòrán. Àwòrán ni wọ́n fẹ́, wọ́n ti ní aránṣọ tiwọn. Bí wọ́n bá tẹ ìkéde yín, owó yín ni wọ́n fi wo àwòrán. Ẹ kọ modèle, ẹ tún kọ modèles, nítorí níbi ìyọkúrò yìí Google kì í fi ẹyọ ka ọ̀pọ̀. Ẹ fi gratuit, emploi, machine àti Lagos kún un. «Apprentissage» ńkọ́? Ẹni tí kò gba ọmọ iṣẹ́ kí ó yọ ọ́. Ẹni tó ń gbà wọ́n kí ó fi í sílẹ̀, ó lè rí ọmọ iṣẹ́ gbà.

Nípa owó, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Iye tí ẹ bá dá lójúmọ́ kì í ṣe odi tí a kò lè fò. Bí ẹ bá dá 500 fáráǹkì lójúmọ́, ọjọ́ kan lè wà tí Google yóò ná tó 1.000, ọjọ́ mìíràn yóò sì dín. Ohun tí kò ní í kọjá ni ìlọ́po 30,4 nínú oṣù, ìyẹn 15.200. Ìyá tó rò pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni òun gbé kalẹ̀ ní láti ti mọ èyí, kí ó sì ní kí wọ́n kọ ọjọ́ tí ìpolówó yóò parí sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí àkáǹtì náà jẹ́ ti ìyá, pẹ̀lú àdírẹ́sì íméèlì ìyá, kí káàdì báńkì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ lè máa tẹ̀ ẹ́ fún un.

Kí a tó ná fáráǹkì kan pàápàá, ó yẹ kí ilé ìtajà ti wà lórí àwòrán ilẹ̀ Google, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àti wákàtí iṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni. Láti 2014 títí di 2021 wọ́n ń pe ètò náà ní Google My Business. Google Business Profile ni wọ́n ń pè é báyìí. Wọn yóò ní kí ẹ mú irú iṣẹ́ yín nínú àwọn orúkọ tí wọ́n tò sílẹ̀, ẹ mú èyí tí oníbàárà yóò pè yín. Fún àwọn ilé mìíràn nínú wa, èyí nìkan tó. Alágbẹ̀dẹ tó dá wà ní abúlé rẹ̀ kò ní ẹni tí yóò bá ṣe gbàǹjo.

Bí ìpolówó bá ti bẹ̀rẹ̀, ìwé kan wà nínú Google Ads tí ń jẹ́ Termes de recherche. Ó ń fi ohun tí àwọn ènìyàn tẹ̀ kí wọ́n tó rí yín hàn. Kì í fi gbogbo rẹ̀ hàn. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn díẹ̀ tẹ̀, Google máa ń fi pamọ́, ní ìlú kékeré èyí sì lè pọ̀. Síbẹ̀ kí ìyá àti ọmọ jókòó tì í ní alẹ́ Sátidé. Kí ọmọ máa kà, kí ìyá máa sọ pé: «Ẹni yìí fẹ́ ránṣọ, ẹni yìí kò fẹ́, yọ ọ́.» Ọmọ mọ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ìyá ló ti wọn ara àwọn oníbàárà láti ogún ọdún, òun ló lè dá ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bọ̀ wá rà mọ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò pè, kí wọ́n dá ìpolówó náà dúró, kí ìyókù owó padà sínú èésú.